Wúrà Rẹ Tó Wà Lọ́dọ̀ Òyìnbó àti Àna Mi Tó Fẹ́ Mọ̀ Bóyá Irọ́ Ni

Ṣọ́ọ̀bù Tájù Wẹ́dà,
Ẹ̀yìn ọjà,
Gwagwalada.
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, 2016.

Olúwakáyọ̀dé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí ibi iṣẹ́. Ṣé ara le? Ṣé Lydia ìyàwó wa wà? Shalom ńkọ́, Jọmílójú ńkọ́, ṣé wọn ò tíì gbàgbé Yorùbá tán ní Galadimawa yẹn? Sọ fún wọn pé bàbá àgbà wọn ń kí wọn. Kí o má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́jọ lo fi jù mí lọ, mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni àbígbẹ̀yìn bàbá àgbà rẹ, àbúrò bàbá rẹ ni mí, bàbá rẹ sì ti lọ sinmi, a jẹ́ pé èmi ni bàbá nìyẹn, kò sí ohun tí ìwé tí o kà lè ṣe sí i. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí owó oṣù rẹ pẹ́. Ọ̀gá rẹ ò ní rí ọ bínú. Táyà mọ́tò rẹ ò ní bẹ́ lójú ọ̀nà.

Ilé dáa. Òjò ti lọ, eruku ti ń bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ tí Lydia fún mi bí mẹ́ta, ọ̀kan kú, ṣùgbọ́n méjì tó kù yìí ń jẹun ju ìyá wọn lọ. Géètì tí mo jó fún Mukhtar oníràìsì, kò sẹ́ni tó kọjá tí kò dúró wò ó. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ká ní mo kàwé kọjá fọ́ọ̀mù kìn-ín-ní ni, ìjọba ì bá ti gbé afárá fún mi ṣe.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn pè ọ́. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ àṣírí lórí fóònù mọ́. Obìnrin òyìnbó kan ló sọ fún mi pé gbogbo ohun tí mo bá sọ ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, pé wọ́n á fi máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn níṣẹ́. Inú mi dùn gan-an, torí ìyẹn ni pé ohùn èmi Tájù ni wọ́n fi ń kọ́ni lókè òkun báyìí, èmi tí tíṣà lé jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní kíláàsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Ọlá dẹ́rẹ́bà tó ń ná Jabi, mo ní kó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. O mọ Rísíkàt, ọmọge tó ń ránṣọ níwájú ọsibítù, tí mo sọ fún ọ pé òun ni mo máa fẹ́. Bàbá rẹ̀ ni Bàbá Sàkáríyà, ará Ìsẹ́yìn, tó ń lẹ táyà ní Gwagwalada níbí láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Bàbá yẹn, ohunkóhun tí kò bá rì bọ omi kó fojú ara rẹ̀ wò ó bóyá ó ń hó, kò lè gbà á gbọ́. Nígbà tí mo lọ kí i nílé, ó ní ẹnu mi pọ̀ ju iṣẹ́ mi lọ. Inú bí mi. Mo ní Bàbá, ẹ má fojú ṣọ́ọ̀bù mi wò mí o, mo lọ́mọ lẹ́yìn. Mo ní ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, ó ní wúrà lókè òkun, wúrà gidi, àwọn òyìnbó ló ń bá a ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Bàbá Sàkáríyà wò mí títí. Ó ní, kai, Tájù, ta ló ń ra nǹkan tó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un? Ó ní òun ò fẹ́ fọwọ́ kan wúrà kankan, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀ tí mi ò mú ìwé kan tàbí ẹnì kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó náà tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé òpùrọ́ ni mí, òun ò sì ní fọmọ fún òpùrọ́. Ó ní Ọládùnjoyè tíṣà, tó ń fẹ́ Rísíkàt bíi tèmi, ti wá kí òun lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sọ̀rọ̀ wúrà rí. Rísíkàt wà nínú ilé, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè mu omi tó gbé wá fún mi.

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kejì, o ò gbé e, mo mọ̀ pé mítíìnì ni. Ni mo bá rántí fáìlì aláwọ̀ ewé tí o kó fún mi, tí o ní bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ kí n pe nọ́ńbà inú rẹ̀, pé o ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí ọ, Alhamdulillahi, ṣùgbọ́n nǹkan ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ. Mo ra káàdì, mo pe kọ́sítọ́mà kíà àwọn òyìnbó tó ń tọ́jú wúrà náà.

Wọ́n kọ́kọ́ lu dùùrù fún mi. Mo rò pé wọ́n ń ṣe ìsìn lọ́wọ́, mo dákẹ́, mo ní kí wọ́n ṣe é tán. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí wọn gan-an. Mo ní ẹ ṣeun, mo mọ̀. Ó tún un sọ, mo tún dúpẹ́. Ó sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́fà, mo sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí wọ́n má baà sọ pé ilé tí mo ti jáde ò kọ́ mi. Káàdì ń jó lọ. Ìgbà tó yá ni obìnrin kan bọ́ sí i, ó ní Kíláà lòun ń jẹ́. Káyọ̀dé, gẹ̀ẹ́sì tí mo sọ dáa ju tirẹ̀ lọ fíìfíì, torí gbogbo ìgbà ló ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ tún un sọ.

Mo kí i dáadáa. Mo béèrè ọkọ, mo béèrè ọmọ, mo ní ṣé òtútù ò pọ̀. Ó ní òun wà, kí lòun lè ṣe fún mi. Mo ní mo kàn ní kí n béèrè wúrà wa. Mo ní ṣé wọ́n ń nù ún. Mo ní nígbà tí tiwa àti tàwọn ẹlòmíràn jọ wà nínú yàrá kan náà, ṣé wọ́n ti fi nǹkan sàmì sí i, torí níbí, etí la máa ń gé fún ewúrẹ́. Ó ní nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Mo ní ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ ńkọ́, ṣé ó ti gbéyàwó, torí ọkùnrin tí kò láya tó ń ṣọ́ wúrà, lọ́jọ́ tó bá rí ọmọge kan péré, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́ nìyẹn. Ó ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ pọ̀.

Mo wá bi í léèrè owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́dọọdún. Mo ní Mádàámù, nílùú tiwa, bí mo bá fún ọ ní ewúrẹ́ sìn, tó bá bímọ, o mú ọ̀kan, mo mú ọ̀kan. Wúrà yìí ti wà lọ́dọ̀ yín fún ọdún méjì, kò bí nǹkan kan, ẹ sì tún ń gbowó. Ó ní owó ìpamọ́ ni. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi ra ọjà yẹn, ẹ ò fi èènì sí i. Mo ní kó bá mi bẹ ọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n bù díẹ̀ sí i, kò ní ju ìwọ̀n òrùka obìnrin kan lọ, kó fi ìwé kan tì í, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wúrà wà lóòótọ́. Kó tiẹ̀ fi èènì náà sílẹ̀, kó sáà kọ ìwé yẹn, torí ìwé yẹn ni ìyàwó mi.

Ó ní kò burú, òun fẹ́ kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè kan fún ààbò. Ó ní kí ni orúkọ tí ìyá rẹ ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ.

Káyọ̀dé, ara mi bù máṣọ. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe ẹbí, tó bá ń wá orúkọ ìyá èèyàn kiri, ohun tó fẹ́ fi ṣe ò dáa. Orúkọ rẹ ti wà lọ́wọ́ wọn, wúrà rẹ wà lọ́wọ́ wọn, orúkọ ìyá rẹ ló kù. Tí ọ̀kan nínú wọn bá wá pe orúkọ méjèèjì pọ̀ lóru, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn? Àti pé obìnrin tó pọ̀n mí nígbà tí ìyá mi kú, tó ń bu ẹ̀kọ fún èmi àti ìwọ láti inú ìkòkò kan náà, èmi ni mo máa wá gbé orúkọ rẹ̀ fún òyìnbó nítorí obìnrin? Ká má rí i. Mi ò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí gan-an, ọwọ́ dẹ́rẹ́bà ló ń gbà kọjá.

Mo ní Ràdíátù ni. Ìyẹn ni orúkọ Ìyá oníkókó tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ara rẹ̀ le, nǹkan kan ò lè ṣe é. Kíláà ní kò bá ohun tó wà níwájú òun mu. Mo ní ó máa jẹ́ Fèyí. Ó ní kò bá a mu, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Mo wá sọ òtítọ́ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, mo ní Ìyá Káyọ̀dé, torí kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan mìíràn láti ọjọ́ tó ti bí ọ. Ó ní ó ṣe òun láàánú, òun ti ti àkáǹtì náà pa, ó di ìgbà tí ìwọ fúnra rẹ bá yọjú pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà.

Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni mo rántí pé wọn ò kọ ìwé kankan fún mi.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, Bàbá Sàkáríyà dé ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú Bùsàrí àbúrò rẹ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, bí mo ṣe kọ̀ tí mi ò sọ orúkọ ìyá rẹ. Bàbá ní ìyẹn dáa, àmọ́ kì í ṣe ìwé. Bùsàrí ń rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ó ní, yauwa, oníwúrà. Bàbá wá ní kí n pe àwọn èèyàn náà lójú òun, kí n jẹ́ kí fóònù máa pariwo síta. Dùùrù lù, wọ́n ní ìpè wa ṣe pàtàkì, Bàbá náà dúpẹ́. Kíláà yẹn náà ló tún gbé e.

Bàbá fi píjìn bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ Tájù ní wúrà lọ́dọ̀ wọn. Obìnrin náà ní kó má bínú, òun ò lè sọ pé ó ní, òun ò sì lè sọ pé kò ní. Bàbá ní kó sáà sọ bóyá ó mọ orúkọ ọmọ náà. Ó ní kó má bínú, òun ò lè sọ ìyẹn náà. Bàbá gbé e gba ibòmíràn, ó ní tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀ rárá, ṣé ó máa sọ fún òun? Obìnrin náà ní ìyẹn gan-an lòun ò lè sọ, ṣé nǹkan mìíràn wà tóun lè ṣe fún wọn lónìí? Bàbá ní kò sí. Obìnrin náà dúpẹ́, ó ní kí ọjọ́ wọn dùn.

Bùsàrí ní, ẹ ò rí i, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mi ò lè gbójú sókè. Bàbá Sàkáríyà ló ní, Bùsàrí, dákẹ́. Ó ní bí o bá lọ béèrè ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí kò gba ẹrù, ṣebí igbe ló máa fi ta, pé ẹrù wo, ta ló gbé ẹrù fún òun? Ó ní òun tẹ obìnrin yìí níhìn-ín, òun tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ túùbù nínú omi, kò yọ atẹ́gùn kankan. Ó ní ẹni tó bá di nǹkan báyìí, nǹkan wà nínú ẹ̀. Ó ní Tájù ò purọ́.

Inú mi dùn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí irin. Àmọ́ kí n tó dìde, Bàbá ti yọ líìsì ìdáná tó ti kọ sílẹ̀ látijọ́. Ó fà á ya. Ó ní ìyẹn, ti wẹ́dà ni. Ó gba bírò lọ́wọ́ Bùsàrí, ó kọ ti oníwúrà. Ewúrẹ́ ti di màlúù, iṣu ti di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fẹ́ rà fún Rísíkàt ti di èyí tó ń lo iná, àti jẹnẹrétọ̀ tó máa gbé e.

Nítorí náà, ọmọ mi, mo fi líìsì náà sínú lẹ́tà yìí. Bá mi fi owó ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí. Bí owó oṣù ò bá tó o, gé díẹ̀ nínú wúrà náà. Tí Kíláà bá bi ọ́ ní orúkọ ìyá rẹ, má dá a lóhùn, tàbí kí o sọ pé Ràdíátù ni, kí ẹnu èmi àti ìwọ lè kò. Kí o sì múra, ìwọ lo máa ṣíwájú dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna mi lọ́jọ́ ìdáná, torí ìwọ ni àgbà nínú àwọn ọmọ mi.

Rísíkàt ní kí n kí ọ. Ó ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé ọ̀gá ìjọba tó ti ń hu ewú nírùngbọ̀n yẹn á máa pe òun ní màmá. Mo ní dandan ni, tó bá pè é, kó dáhùn.

Ohun tí o bá fi sí ìpamọ́ ò ní sọnù. Ẹni tó bá ń wá orúkọ ìyá rẹ fún ibi ò ní rí i. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ ṣe é fún ọ bí o ṣe máa ṣe é fún mi kí oṣù tó parí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ,
Tájù.