Ojú Ewé Lékeléke

Ajé, 10 Èrèlé 2025
Ìwé ti dé ọwọ́ àwọn ènìyàn. Kò sí bí mo ṣe lè gbà á padà mọ́. Ewì fún àwọn ọmọdé, gbogbo rẹ̀ lórí ẹyẹ, kòkòrò, òjò àti igi. Èmi ni mo kọ ọ́, Pẹ̀lúmi ọmọ ọmọ mi ló ya àwòrán rẹ̀. Ọlọ́dà ni mo ń pè é níhìn-ín, nítorí kò sí aṣọ rẹ̀ tí ọ̀dà kò tíì kàn.
Mo ti tún ìwé náà kà láàárọ̀ yìí. Àwòrán dára ju ewì lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ènìyàn yóò rí i.

Ìṣẹ́gun, 11
Olúgbénga — Bàbá Àmì — pè mí lórí fóònù. A jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ títí a fi fẹ̀yìn tì. Ó ní ìwé dára, ṣùgbọ́n àmì ohùn kan sonù lójú ewé kẹsàn-án. Mo ní ewì náà ńkọ́? Ó ní òun kò tíì ka ewì, àmì ni òun kọ́kọ́ ń wò.
Mo wo ojú ewé kẹsàn-án. Àmì sonù lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13
Obìnrin kan dá mi dúró ní àdúgbò Adébáyọ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé náà. Ó ní, ṣé ẹ̀yin ni Bàbá oníwèé ìgbín? Mo ní èmi ni. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ òun ti ka ewì ìgbín ni kò ti jẹ ìgbín mọ́. Ọmọ náà ní ẹni tó ń ru ilé ara rẹ̀ kiri ti jìyà tó. "Bàbá, ọbẹ̀ tí mo sè lọ́jọ́ Àìkú, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ti ẹja o!"
Mo tọrọ àforíjì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó tún ra òmíràn fún ọmọ àbúrò rẹ̀.
Mo rò ó títí mo fi délé. Ṣé inú rẹ̀ dùn ni, àbí inú ń bí i? Ìjọba — ìyàwó mi kò mọ̀ pé orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ yìí nìyẹn — ní obìnrin tí inú bá ń bí kì í ra ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Àbámẹ́ta, 15
Ọyẹ́ ṣì mú. Ikọ́ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè. Bóyá wọn kò fẹ́ràn rẹ̀.

Àìkú, 16
Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọ rọ̀gbà yí mi ká lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan bi mí bóyá ọ̀kùn inú ìwé yẹn ti dé ibi tó ń lọ. Mo ní kò tíì dé. Ó mi orí bí àgbàlagbà. "Ó ti pẹ́ jù o, Bàbá. Pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ̀ yẹn!"
Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé láti padà lọ mú fìlà mi lórí àga akọrin.

Ìṣẹ́gun, 18
Wàhálà. Mo ti mọ̀ pé yóò dé.
Misis Ayọ̀túndé pè mí, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Igbemo. Ìwé wa ni wọ́n fi ń múra ọjọ́ ìwé kíkà wọn, tí àwọn ọmọ yóò ka ewì láìwo ìwé níwájú àwọn òbí. Ó ní Ajíhìnrere Dàmọ́lá, alága ẹgbẹ́ òbí, wá bá òun. Kò fẹ́ ewì lékeléke. Ó ní a ń kọ́ àwọn ọmọ láti máa gbàdúrà sí ẹyẹ.
Àdúrà kẹ̀! Ohun tí gbogbo wa ṣe ní kékeré ni mo kọ. Bí lékeléke bá ń kọjá lókè, ọmọdé a na ọwọ́ sí i, a ní kó fún òun ní funfun díẹ̀. Bó bá kọjá tán, a wo èékánná bóyá funfun ti wà níbẹ̀. Ó parí. Kí n tún ewì náà wò:

Ẹyẹ aláṣọ funfun tó ń kọjá lókè,
mo na ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ọ;
fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi lórí èékánná,
kí n lè fi han ìyá mi nílé.

Níbo ni àdúrà wà níbẹ̀? — Ṣùgbọ́n "fún mi" wà níbẹ̀. Mo rí i. Kí ló dé tí mo kọ "fún mi"?
Misis Ayọ̀túndé ti fi kílíìpù há ojú ewé náà pa nínú gbogbo ẹ̀dà tó wà ní kíláàsì, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ajíhìnrere ní kí a kúkú gé e dànù.
N kò sọ fún Ọlọ́dà. Ojú ewé yẹn ló pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ya ìyẹ́ apá ẹyẹ yẹn, ó tún un yà, títí ó fi sunkún.

Ọjọ́rú, 19
N kò jẹun dáadáa. Bí ilé ìwé kan bá gé e, òmíràn yóò gbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì yóò gbọ́. Wọn yóò ní Bàbá akọrin ń bọ ẹyẹ.
Mo lọ ra bíléèdì. Èrò mi ni pé kí n gé e fúnra mi nínú àwọn tó kù nílé, kó tó di ariwo. Ìjọba rí i lọ́wọ́ mi. Ó wo orí mi, níbi tí irun ti kúrò tipẹ́tipẹ́. "Bàbá Ṣèyítán, kí lẹ fẹ́ fá?"
Mo ṣàlàyé. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ gé e. Tí ẹ bá gé e tán, kí ẹ pe Pẹ̀lúmi kí ẹ fi hàn án."
Mo ṣí ẹ̀dà kan. Mo gbé bíléèdì lé e. Ẹyẹ náà ń wò mí.
N kò lè gé e.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo pe Misis Ayọ̀túndé, mo ní mò ń bọ̀ lọ́la. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Ẹtì, 21
Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.
Ọkọ̀ tètè dé Igbemo. Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò kan kí ọkàn mi lè balẹ̀. Kò balẹ̀. Mo ti rò pé Ajíhìnrere yóò jẹ́ ẹni gíga, olójú líle. Ọkùnrin kúkurú ni, àgbẹ̀ ìrẹsì, ẹlẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ga. Agogo ni mo sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú ọ́fíìsì. "Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá! Ẹ kú ọ̀nà!" Ó ní ewì òjò dára, ti ọ̀kùn dára. "Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ má bínú, ta ló ń fúnni? Ọlọ́run nìkan ni. Ẹ wá ní kí ọmọ mi na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ẹyẹ — ẹyẹ tó ń tẹ̀ lé màlúù kiri!"
Mo ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi náà. Mo ní akọrin ni mí. Ó ku díẹ̀ kí n ní kí wọ́n máa gé e.
Misis Ayọ̀túndé ló ní kí a pe Ìbùkúnolúwa, ọmọ Agogo fúnra rẹ̀, tó wà ní kíláàsì kẹta. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Misis bi í pé, tó bá na ọwọ́ sí lékeléke, kí ló ń tọrọ?
Ó wo bàbá rẹ̀. "A kì í tọrọ nǹkan kan mà. A mọ̀ pé kò ní fún wa."
"Kí lẹ wá ń ṣe?"
"A kàn ń kí i ni mà. Torí pé ó ń kọjá."
Agogo ní, "Kíkí? Ta ló ní kí o máa kí ẹyẹ?"
"Ẹ̀yin ni sà. Ẹ ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá níwájú ilé wa láìkí i."
Misis Ayọ̀túndé kọjú sí fèrèsé. Èjìká rẹ̀ ń mì. Agogo fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó pa á pẹ́. Ó ní òun kò lè sọ pé kíkí burú. Ó ní òun kò ní dí ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ní ti ọmọ tòun, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà ná. Ó ní kí n yá òun ní ẹ̀dà kan, kí òun kà á dáadáa nílé, kí òun lè mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà gan-an.
Mo fún un ní tèmi. Kí ló dé tí mo fún un? Yóò rí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn.

Ajé, 24
Ọmọ kan pariwo mọ́ mi ní Ọjà Ọba: "Bàbá Ọ̀kùn!" Ìyá rẹ̀ fa etí rẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 25
Mo ti sọ fún Ọlọ́dà. N kò lè dá a gbé mọ́. Mo rò pé yóò sunkún. Ó bi mí, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń jà nítorí àwòrán òun? Mo ní rárá, nítorí ewì ni. Ojú rẹ̀ fà ro. "Háà, Bàbá àgbà. Mo ti rò pé àwòrán ni."
Àwọn ọmọ òde òní. Yóò bá mi lọ sí ọjọ́ ìwé kíkà wọn lọ́túnla.

Ọjọ́rú, 26
Agogo kò pè.

Ọjọ́bọ̀, 27
A ti padà dé. Ìjọba ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu Ọlọ́dà ní yàrá ìdáná, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn.
Pápá ilé ìwé kún. Wọ́n ti yọ àwọn kílíìpù. Agogo jókòó síwájú bí alága, ìwé mi lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ka ewì òjò, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Wọ́n ka ti ìgbín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó kan lékeléke. Ẹni tó jáde wá ni Ìbùkúnolúwa. Mo wo Agogo. Kò dìde. Ọlọ́dà tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀, ó ní ó ń lu àga ẹni tó wà níwájú.
Ọmọ náà kí gbogbo ènìyàn. Ó ka ìlà kìíní. Ó na ìka rẹ̀ sókè, ó ka ìkejì. Ó dúró. Ìkẹta ti sá lọ. Ó wo ilẹ̀, ó wo olùkọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èmi tí mo kọ ọ́, n kò rántí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.
Ni ohùn kan bá dún láti iwájú, láìṣí ìwé:
"Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi lórí èékánná!"
Agogo ni. Ó ti ń ka ewì náà láti ọjọ́ Ẹtì, ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀, títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé gbogbo Igbemo ti gbọ́. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó gba ìlà náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ka ewì náà parí.