Àwòrán Ìyá Rẹ Tí Mo Pa Rẹ́

Ọmọ mi,

Gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn yà ló ní ohun tí í pa á: ikán ni ti pákó, òjò ni ti ògiri. Èyí tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, àgbàlagbà tí kò lo awò ojú ló pa á.

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tí o gbé kọ́ sára ògiri bí àwòrán, mo ń wo odò tí ìyá rẹ fi ìka yà sórí fóònù rẹ̀ nígbà àìsàn ìkẹyìn rẹ̀. O ti sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà a máa kú bí kò bá rí ẹni tó ń mira. Mo jókòó jẹ́ẹ́ títí ó fi rò pé kò sí ènìyàn nínú yàrá, ó sì kú. Mo tẹ rìmóòtù kí ó lè tàn padà. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, láì kà á. Àṣé ó ń bèèrè bóyá kí òun pa àwòrán náà rẹ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ní, “Bàbá tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ lẹ wá gbà fún!” Nígbà tó gbọ́ àwòrán tó jẹ́, ó bèèrè ibi tí fóònù ìyá yín wà.

Dárí jì mí. Má fọwọ́ kan rìmóòtù títí n ó fi dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti padà sídìí iṣẹ́. Mo gbé fóònù ìyá rẹ, níbi tí ó ti kọ́kọ́ ya odò náà, lọ bá atúnfóònùṣe tó ti sọ fún wa rí pé fóònù náà kò lè jí mọ́. Òdòdó kan tí èmi kò mọ ẹni tó yà á ló wà nínú tẹlifíṣọ̀n lára ògiri báyìí.

Bàbá rẹ