Fìlà Korbinian Lórí Àga Orí Wáyà

Niederlahn,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì.

Gundula, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí egungun ìbàdí rẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí tètè jinná. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò tíì fara rọ. Má banú jẹ́ pé o kò lè wá síbi ìsìnkú Korbinian ọkọ mi. Èmi náà ni yóò ròyìn rẹ̀ fún ọ.

O mọ̀ pé nígbà tí yìnyín kọ̀ tí kò bọ́ sórí òkè wa mọ́, ìgbìmọ̀ abúlé ta àga orí wáyà wa, tó ń gbé àwọn tó wá yọ̀ lórí yìnyín gòkè, fún àwọn ará Oberlahn tó wà lókè wa. Hẹlikópítà ló fa àwọn òpó irin náà tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó àga elénìyàn méjì-méjì lọ, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí wáyà lọ. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n ní ó ti gbó. Korbinian tó tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà èwe dúró tì í, ó ní, "Èmi pẹ̀lú ẹ ni wọ́n jọ pa tì." Láti ìgbà náà, bí ará Oberlahn bá pàdé wa, "Ẹ kú ẹrẹ̀ o" ni wọ́n fi ń kí wa, nítorí ẹrẹ̀ nìkan ló kù lórí òkè wa. Korbinian búra pé òun ò ní tẹ ilẹ̀ wọn láéláé.

Ṣùgbọ́n bí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára, ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Àṣà àwa òṣìṣẹ́ àga orí wáyà ni pé lówùúrọ̀ tí a ó sin ẹni tó bá kú nínú wa, a ó gbé fìlà rẹ̀ sórí àga, yóò gòkè, yóò sì yí padà wálẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Walburga, má jẹ́ kí wọ́n sin mí láìyípo."

Mo ní, "Lọ́dọ̀ àwọn 'ẹ kú ẹrẹ̀' yẹn?"

Ó ní, "Àga mi ni. Wọ́n kàn ń bá mi lò ó ni."

Ọjọ́ kejì ló kú.

Ojú ń tì mí bí mo ti ń lọ sí Oberlahn. Irmgard, obìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà lọ́hùn-ún, gbọ́ mi tán, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, a ò mọ àṣà yìí níbí, òfin ò sì gbà kí ẹrù nìkan gun àga." Ó wò mí títí, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrù, àbí? Èrò ni."

Lówùúrọ̀ ìsìnkú, wọ́n ní kí àwọn tó wá yọ̀ lórí yìnyín dúró ná. Wọ́n ti kun àwọn àga náà ní búlúù, wọ́n sì ti pààrọ̀ wáyà. Síbẹ̀ mo dá ariwo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ̀. Mo fi bẹ́líìtì so fìlà náà mọ́ ìjókòó. Àwọn ará Oberlahn ṣí fìlà tiwọn. Ó gòkè, ó wọ inú kùrukùru, mi ò rí i mọ́, mo sì sunkún. Nígbà tí ó ń bọ̀ wálẹ̀, Irmgard fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó dẹ eré rẹ̀ títí àga náà fi rọra dé iwájú mi, bí wọ́n ti ń ṣe fún arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára mọ́. Korbinian ì bá bínú pé wọ́n ka òun sí arúgbó. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gbà á sọ̀kalẹ̀.

Kí Olúwa gbé ọ dìde, kí ó má sì jẹ́ kí ọ̀fọ̀ tún jẹ́ ohun tí a ó máa kọ sí ara wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Walburga.

Mo tún rántí: èmi náà ta tíkẹ́ẹ̀tì àga náà nígbà tó jẹ́ tiwa, mo lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣà náà. Bí ó bá kàn mí, ṣọ́ọ̀lù tí o hun fún mi ni kí o gbé sórí àga. Kí Irmgard má wulẹ̀ dẹ eré fún mi. Mo fẹ́ tètè bá ọkọ mi.