Abọ́ Iyọ̀ Bàbá Bọ́tìnnì

Ìtàn ìgbésí ayé bàbá wa, aránṣọ, tó tún ń dá àmì ọmọ-ogun àtijọ́ mọ̀ (1940–2023)

Ọdún 1940 ni wọ́n bí Bàbá, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá tiwọn ti ń ránṣọ. Ìyá tó bí wọn ló ń lọ aṣọ fún àwọn oníbàárà. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ni Bàbá kọ́kọ́ gbọ́ láyé, òun náà ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn. Ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á, nítorí àyà ẹbí ṣì ń já.

Bàbá ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì jókòó ti ẹ̀rọ ní ọdún 1953. Nígbà náà, àwọn ọmọ-ogun tó ti fẹ̀yìn tì a máa gbé kóòtù ogun wá kí wọ́n bá wọn gé e di kóòtù òde. Bọ́tìnnì àti báàjì tí wọ́n bá tú kúrò lára rẹ̀, inú agolo bisikíìtì ni Bàbá ń kó o sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di Bàbá Bọ́tìnnì kí wọ́n tó hu irùngbọ̀n. Nígbà tó yá, èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn gbé báàjì fìlà, bẹ́líìtì àti ìgò omi ogun wá, kí Bàbá sọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tó ni ín àti bóyá ojúlówó ni. Bàbá kì í wo iwájú. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á wo bí wọ́n ṣe jó ìkọ́ mọ́ ọn. Wọ́n á ní, "Iwájú lè parọ́. Ẹ̀yìn ò mọ irọ́ ọ́ pa."

Ní ọdún 1965, wọ́n gbé Màmá níyàwó, akọrin nínú ìjọ tí Bàbá ń rán aṣọ akọrin rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí dọjọ́ ikú. Màmá ò mọ bàbá tiwọn rí. Inú oyún ni wọ́n wà tí bàbá wọn lọ sógun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pe orúkọ ọkùnrin náà láàárín àwọn ọmọ-ogun, kò dáhùn, wọ́n ní ó ti sá. Láti kékeré ni àdúgbò ti ń pe Màmá ní "ọmọ ẹni tó sá lógun." Nọ́ńbà ológun ọkọ wọn nìkan ló kù sọ́wọ́ ìyá Màmá, wọ́n sì sọ ọ́ di orin ìrẹmọlẹ́kún:

Ẹgbàájì ó lé irinwó àti mẹ́fà,
Olówó orí mi, yà wá sílé,
Ọmọ ń bèèrè ẹ.

Àràárọ̀ ni Màmá ń kọ ọ́ nínú ilé ìdáná. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Bàbá ṣèlérí pé àwọn á wá ẹni tó ni nọ́ńbà náà.

Ní ọdún 1972, Bàbá rìnrìn àjò. Màmá ní kí àwọn fi ayọ̀ pàdé ọkọ àwọn. Wọ́n fi eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ gbogbo báàjì tó wà nínú agolo, orin lẹ́nu, títí tó fi ń kọ mọ̀nà. Bàbá wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni o! Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán?"

"Mo rí i. Ọgbọ̀n ọdún lo fọ̀ dà nù yẹn."

Ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ni ẹ̀rí báàjì. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti fọ ìtàn rẹ̀ lọ. Màmá búra pé kànìnkànìn àwọn kò ní kan ohun ọmọ-ogun mọ́ láyé.

Ní ọdún 2009, Bàbá ra àpótí ẹrù ogun kan. Abọ́ ìjẹun onírin kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, èéfín ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú. Bàbá yẹ tinú tẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọn ò rí àmì kankan lábẹ́ èéfín náà. Wọ́n nà án sí Màmá: "Gbà, fi bu iyọ̀." Inú rẹ̀ nìkan ni Màmá ń fi omi ṣàn, láìlo kànìnkànìn. Ìbúra ni ìbúra, wọn ò fọwọ́ kan ìdí rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ọwọ́ ń dun Màmá, Bàbá sì ń bá wọn fọ abọ́. Kò pẹ́, abọ́ iyọ̀ di àwátì.

"Ta ló gbé abọ́ iyọ̀ mi?"

"Ó ń bọ̀, Ìyá."

"Ṣé ó lọ kí àwọn ẹbí ẹ̀ ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún, Bàbá ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò, wọ́n béèrè omi. Kí omi tó dé, wọ́n ti gbé orí lé ẹ̀rọ. Wọn ò ṣàìsàn. Orí ò fọ́ wọn láàárọ̀. Òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹrù kan dé látọ̀dọ̀ àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn ọmọ-ogun àtijọ́. Abọ́ iyọ̀ ni, pẹ̀lú lẹ́tà. Ó kọ ọ́ pé níbi tí Bàbá ti ń fọ abọ́ ni èéfín ti ṣí lábẹ́ àtàǹpàkò wọn, tí wọ́n rí nọ́ńbà tẹ́nì kan fi ìṣó họ síbẹ̀: 4406. Bàbá bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí á fi dájú, kí ọkàn Màmá má baà tún bàjẹ́. Ó ti wá dájú. Ẹni tó ni abọ́ náà ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kọjá odò. Ó kọjá lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni omi gbé e lọ, láfẹ̀mọ́júmọ́, kí wọ́n tó pe orúkọ. Kò sá.

Màmá yí abọ́ padà. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ń ki ọwọ́ bọ abọ́ bàbá wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́nu! Ọjọ́ yẹn, orin gan-an kọ̀, kò jáde.

Bàbá fi Màmá sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin (aránṣọ, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti tíṣà), ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àbúrò wọn obìnrin kan. Abọ́ náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Màmá lórúkọ àtijọ́ yẹn, ẹ wá yí abọ́ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Orin ti padà sẹ́nu Màmá, èyí ni wọ́n ní kí a kọ síbí:

Ẹgbàájì ó lé irinwó àti mẹ́fà,
Olówó orí ìyá mi ti yà wá sílé,
Olówó orí mi ló mú un dé.

Sùn re o, Bàbá Bọ́tìnnì. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lára bí aṣọ tí ẹ fọwọ́ ara yín rán. Abọ́ iyọ̀ ti dé.