Màmá Abẹ́rẹ́, Ẹni Tó Pe Olórí ní "Ìwọ"

Ní ọdún 1931 ni a bí Màmá wa, sí yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, télọ̀ tó ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Màmá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu wọn sì mú. Ni àwọn ará àdúgbò bá ń pè wọ́n ní Abẹ́rẹ́. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ ìjọ kí wọ́n tó jókòó ti máṣíìnì.

Ní 1953, ọ̀dọ́kùnrin atẹ̀wé kan ń gbé ẹ̀wù kan náà wá fún àtúnṣe ṣáá. Bí wọ́n bá gán bọ́tìnnì rẹ̀ lónìí, á tún já lọ́la. Màmá ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, tó o bá fẹ́ mi, sọ ọ́. Má fi òwú wa ṣòfò." Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó. "Ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn nínú ilé, bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́.

Nígbà tí Bàbá, ọkọ wọn, ṣẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ òmìnira, máṣíìnì Màmá ló bọ́ ilé. Ní 1964, Bàbá di olórí orílẹ̀-èdè. Lọ́jọ́ ìbúra, Màmá rí i pé ẹsẹ̀ Bàbá ń gbọ̀n lórí pèpéle. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń gbọ́ nígbà tí wọ́n ní, "Jókòó, jàre. Ó ti rẹ̀ ọ́." Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá jókòó.

Akọ̀wé ìjọba wá bẹ̀bẹ̀ pé, "Màmá, ẹ dákun, bàbá gbogbo wa ni wọ́n báyìí. 'Ẹ̀yin' ni kẹ́ ẹ máa pè wọ́n."

Màmá gbà. Àmọ́ àlejò kì í tán nílé, "ẹ̀yin" sì mọ́ wọn lẹ́nu títí "ìwọ" fi ṣòro í pè, àní nínú yàrá. Bàbá a ní, "Abẹ́rẹ́, àwa mélòó lò ń bá sọ̀rọ̀?" Màmá a rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá kú ní 1991. Ìjọba sin wọ́n sí gbàgede ìrántí, níbi tí èrò kì í dá. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí Màmá bá ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìjọ ní ìránṣọ tán, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ jókòó, láàárín àwọn tó ń ya fọ́tò. Wọ́n sọ fún ọmọ wọn obìnrin pé, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá bàbá yín sọ. Àyè ni ò sí."

Màmá sùn nínú Olúwa lóṣù tó kọjá. Wọ́n fi ọmọbìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àti ọmọkùnrin tó jogún máṣíìnì wọn, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí ẹnu tiwọn náà mú.

Ìjọba ti gbà kí a tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Bí a bá ti ṣe tán, ẹ jọ̀wọ́, kí gbogbo wa tètè máa lọ. Ẹ̀ṣọ́ á ti géètì, á sì dúró níta.

Màmá, kò ní sí àlejò níbẹ̀ mọ́. Ẹ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ bó ti wù yín. Kí ilẹ̀ dẹ̀ yín lára o.