Bong Tae-sul, Ẹni Tí Ń Fi Ẹkùn Parí Orin

Sí Ìyá Sun-ae, opó olóògbé, àti Sun-ae ọmọ rẹ̀,

Kí n tó kẹ́dùn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ìdí ńlá tèmi yìí ló ká eyín ẹkùn onígi tí ẹgbẹ́ wa fi ń parí orin. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ìlú Namcheon láti kọ́ bí a ti ń lu agogo òkúta, orúnkún ń ro mí. Mo rí ohun kan tó ba mọ́lẹ̀ ní igun àgbàlá, mo ṣe bí àpótí ìjókòó ni, mo gbé gbogbo ara lé e. Ọ̀kan nínú àwọn eyín igi tó tò sẹ́yìn rẹ̀ dún pàkà, ó já. Olóògbé wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti ayé àwọn baba wa ni ẹkùn yìí ti ń pa orin lẹ́nu mọ́. Ìdí yín ló wá pa òun náà lẹ́nu mọ́!"

Omijé ló gba ojú àwa Ẹgbẹ́ Olórin Ilé-Ẹ̀kọ́ Àtijọ́ nígbà tí a gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Bong Tae-sul, olùparí orin wa, ti papò dà. Èmi Tak Geum-nyeo, alága ẹgbẹ́, ni wọ́n ní kí n kọ̀wé.

Orin púpọ̀ ló ń kú fúnra rẹ̀. Ti inú oko ìrẹsì a tán bí iṣẹ́ bá tán. Ti ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún a rọlẹ̀ bí ọmọ bá sùn. Ṣùgbọ́n orin tí a fi ń bọ àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa kò gbọdọ̀ yọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní láti parí rẹ̀. Olóògbé ni í fi ọ̀pá oparun tí a la ẹnu rẹ̀ gbá ẹkùn lórí, tí yóò sì fi wọ́ ọ lẹ́yìn láti ọrùn dé ìrù: kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀! Àgbàlá a dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo rántí ìgbà ìrúwé kan tí òjò ká wa mọ́ ìdí ìbọ. Omi fìlà ń ro sí wa lójú, gbogbo wa ń ṣẹ́jú sí olóògbé pé kó tètè gbá ẹkùn. Kò gbá a, àfi ìgbà tí àgbà tó gbé ife ọtí fún àwọn ọlọ́gbọ́n náà sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tán. Nígbà tí ìbọ parí tí a jókòó ti ọtí ìrẹsì, mo bú u: "Olóríkunkun, ṣé o fẹ́ kí òtútù pa wá ni?" Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá kánjú parí orin, àlejò tí a ń bọ ló lé."

Ìyá Sun-ae, ẹ má gun igi o. Àwa la ó ká èso gam oko yín nígbà ìkórè yìí. Kí Ọ̀run tù yín nínú, kí ilẹ̀ orí òkè tí a sin ín sí rọ̀ fún ẹni wa.

Sun-ae, ìbọ ìgbà ìwọ́wé ti dé tán, a ò sì ní olùparí. Ẹgbẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan: ìwọ tí baba rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni ọ̀pá náà tọ́ sí. A ò ní fipá mú ọ. Nígbà tí mo nà án sí ọ níwájú pósí, ṣe lo tì í padà sí mi lọ́wọ́, tí o ní, "Ìyá àgbà, tí n bá gbá a, ṣé kò ní jẹ́ pé Bàbá náà ti parí nìyẹn?"