Ẹtu Tó Ń Sàba Lóko Wa

Sùmáyà Àjọkẹ́, ọmọ Lágúnjú,

Màmá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa ní Ìlàrè, ló ń bá èmi ìyá àgbà rẹ kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó má fi iyọ̀ sí i. Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwa náà ń mí. Èkó kò ní gbé ọ mì. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú.

Ọ̀rọ̀ ẹran tó wà lóko wa ní Ẹdúnàbọ̀n ni mo bá wá. Bàbá rẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, o ní o bi fóònù rẹ, fóònù ní kò sí irú ẹran bẹ́ẹ̀ láyé. Ṣé fóònù rẹ ti dé oko wa rí ni? Èmi dé ibẹ̀. Orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹtu, ìyẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ ti àparò, ó pọ́n bí aṣọ tí wọn kò fọ̀ rí. Láàárọ̀, á gun orí ebè, á wo ọ̀tún wo òsì, á sọ̀ kalẹ̀ jẹ ewé ẹ̀gẹ́. Bí oòrùn bá mú, á lọ máa tú ikán jẹ lábẹ́ ọ̀pẹ tó wó. Bí ẹ̀rù bá bà á, á fò, ṣùgbọ́n kì í ga ju èjìká mi lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa rọ̀ dirodiro. Kò dára wò. Nísinsìnyí ó ń sàba lé ẹyin kan nínú koríko lẹ́bàá odò, kì í kúrò níbẹ̀ àfi kó lọ mumi.

Bàbá rẹ kò fọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀, torí a kì í jẹ àparò nílé wa. Láti ìgbà tí o ti sọ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn ló ti ń nu ìbọn. Mo ní Lágúnjú, èèwọ̀ ńkọ́? Ó ní, Ìyá mi, ohun tí kò sí kò ní èèwọ̀. Mo ní ọdẹ kì í yìnbọn lu èyí tó ń sàba. Ó ní kí ló ń sàba, ṣé ẹ kò gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ ni? Díẹ̀ ló kù kí n fi orógùn gbá a lẹ́nu. Sátidé ló ń lọ.

Kì í ṣe pé àánú ẹran ń ṣe mí. Mo ti jẹ ẹran láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan yìí la tíì rí, ẹyin kan ló sì yé. Bí bàbá rẹ bá pa á, irọ́ tí fóònù rẹ pa yóò di òótọ́, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò sì ti wá.

Dírẹ́bà tó ń lọ sí Èkó láàárọ̀ yìí ni mo fi lẹ́tà yìí rán. N kò lè fi fóònù ránṣẹ́, òun la ń bá ṣẹjọ́. Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù yìí, fi pe bàbá rẹ. Tèmi, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lóṣù tó ń bọ̀. Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ tí yóò gbọ́ tìrẹ.

Bàbá rẹ ni kó kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹran náà wà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, padà lọ bá fóònù náà, kí o sọ fún un pé ìyá àgbà rẹ ti rí i, kó má tún lọ sọ fún ọmọ ẹlòmíì pé kò sí.